Ultraman ọdún 1966: kí ni ká tọ́jú nínú rẹ̀, báwo la sì ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Baltan_Èkó

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ Ultraman àkọ́kọ́ ni mo gbé wá, eré tẹlifíṣọ̀n nípa akọni ńlá kan láti òfuurufú tó ń bá àwọn ẹranko abàmì jà, èyí tí ilé-iṣẹ́ Tsuburaya ṣe, tí ilé tẹlifíṣọ̀n TBS sì gbé jáde ní Jàpáánì láti ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1966 di ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1967. Apá 39 ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànyìn láàárín àwọn olólùfẹ́ tokusatsu (eré Jàpáánì tí wọ́n ń fi aṣọ rọ́bà àti ilé kékeré ṣe àrà inú rẹ̀) pé níwọ̀n ìgbà tí Blu-ray ti jáde (títí kan èyí tí Mill Creek tà ní Amẹ́ríkà ní 2019), ogún náà ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà tí à ń wò ni Blu-ray, kì í ṣe orísun. Orísun ni fíìmù fúnra rẹ̀, tépù ohùn, aṣọ rọ́bà tí òṣèré kó sí, ìbòjú, ìwé tí wọ́n yàwòrán sí, àti ọgbọ́n ọwọ́ àwọn tó ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ dá wa lóhùn. Èwo ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú wọn, kí la sì fi ń dá a dúró? Àti pé tí wọ́n bá ń tún àwòrán ṣe, ṣé kí wọ́n pa wáyà tó gbé ọkọ̀ òfuurufú rẹ́ ni, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀?

Sikánà

Ẹ jẹ́ n mú ti fíìmù.

Eré Ultra Q tó ṣáájú Ultraman ní oṣù Kìíní 1966, fíìmù 35mm dúdú-àti-funfun ni. Ultraman ní àwọ̀, 16mm ni wọ́n sì fi ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti ní láti da àwòrán méjì pọ̀, bíi kí Ultraman dúró lẹ́yìn kí àwọn ènìyàn máa sá níwájú, tàbí kí ìtànṣán Specium, ohun ìjà Ultraman, tí Sadao Iizuka fọwọ́ yà jáde láti ọwọ́ rẹ̀, 35mm ni wọ́n lò. Ìdí ni pé gbogbo ìgbà tí àwòrán bá gba inú optical printer (ẹ̀rọ tó ń ya fíìmù sórí fíìmù mìíràn) kọjá ni hóró rẹ̀, àwọn ẹyọ wínníwínní tó di àwòrán, ń nípọn sí i. Tó bá jẹ́ orí fíìmù tó fẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àdánù náà kò ní hàn púpọ̀.

Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé hóró àwòrán kò dọ́gba láti ìran kan sí èkejì nínú apá kan ṣoṣo. Ẹni tí kò mọ èyí á kàn fi ìwọ̀n ìdín-hóró kan náà nu gbogbo rẹ̀, ojú Hayata, ẹni tó ń di Ultraman, á wá máa dán bí àbẹ́là. Ìran ni kí ẹ máa tò lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe apá.

Ewu tó wà níbẹ̀ nìyí. Acetate ni ike fíìmù náà. Tó bá ń jẹra, ó ń tú ásíìdì tó ń rùn bí fínígà, ásíìdì yẹn gan-an ló sì tún ń ti ìjẹrà síwájú. Fíìmù tuntun tó jókòó sí yàrá 21°C tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ 50%, nǹkan bí 50 ọdún ló máa lò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹ kà á láti 1966, ẹ wo ibi tó já sí.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Ìwé pélébé kan wà tí wọ́n ń pè ní A-D strip, tí Image Permanence Institute ní Amẹ́ríkà ń ṣe. Ẹ fi ọ̀kan sínú agolo fíìmù, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú ó kéré tán (nínú yàrá tútù, ó máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa). Tó bá ṣì jẹ́ búlúù, àlàáfíà ni. Ó máa yí sí àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà ó máa di àwọ̀ ìyeyè, láti 0 dé 3. Ní 1.5 ni ìjẹrà ti ń sá eré fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í. Agolo tó bá ti dé ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ sórí ẹ̀rọ scan, ì báà jẹ́ apá tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ràn.

Ẹ má kó agolo tó ń rùn ti èyí tí kò rùn. Ẹ sì ya tépù ohùn 16mm kúrò lọ́dọ̀ negative (fíìmù ojúlówó tó wà nínú kámẹ́rà): ìyẹ̀fun irin tó wà lójú rẹ̀ máa ń mú kí acetate tètè jẹra. Ìpamọ́ fún negative aláwọ̀ ni òtútù tí kò ju 4°C lọ, ọ̀rinrin láàárín 30 sí 50%. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e jáde nínú òtútù, ẹ fi ike di agolo náà, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó ṣí i. Ẹni tó bá kánjú ṣí i, omi á sẹ̀ sórí fíìmù bí ìgbà téèyàn gbé ìgò mímu jáde nínú fíríìjì.

Ní ti ẹ̀dà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n, aró búlúù ló ń kọ́kọ́ sá nínú wọn, gbogbo àwòrán á wá pọ́n. Ẹ̀rọ lè fa èyí tó ṣẹ́ kù jáde. Aró tó bá ti lọ tán, àbá lásán ni ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fi rọ́pò rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àbá ni.

Ìṣirò fún àwọn tó rò pé háàdì díráìfù kan tó: ìṣẹ́jú 25, férémù 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó jẹ́ férémù 36,000 fún apá kan, ẹsẹ̀ bàtà 900 ti 16mm nìyẹn. Férémù kan ní 4K (scan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí píksẹ́lì 4,000), nínú fáìlì àwòrán DPX onípele bíìtì 10, tó nǹkan bí 51 MB. Apá kan á gba 1.8 TB. Apá 39 á lé ní 71 TB, ẹ ò sì tíì fọwọ́ kan ohunkóhun. Káṣẹ́ẹ̀tì LTO-9 kan (tépù tí wọ́n ń pa fáìlì mọ́ sí) gba 18 TB, nítorí náà márùn-ún ni ẹ̀dà kan (mẹ́rin á há jù). Ẹ̀dà méjì ní ìlú méjì ló kéré jù, kí checksum (nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá fáìlì ti yí padà) férémù kọ̀ọ̀kan sì wà nínú fáìlì ọ̀tọ̀.

ọmọM78

Ẹ̀gbọ́n Sikánà, ṣé 16mm tilẹ̀ ní 4K nínú ni?

Sikánà

Ohun tí ojú ń rí nínú àwòrán náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju 2K lọ. Hóró gan-an ni 4K ń mú dáadáa, kó má di kókó onígun mẹ́rin. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lowó máa wà, kí wọ́n ṣe 4K. Tí fíìmù bá ti ń rùn tí owó kò tó, 2K lónìí (nǹkan bí 18 TB fún gbogbo apá 39) sàn ju 4K tí à ń retí lọ.

Mo gbàgbé kiní kan. Fíìmù tó ń jẹra ń sún kì. Tó bá ti sún kì ju 0.8% lọ, ẹ má fi sórí ẹ̀rọ tó ní eyín, ihò rẹ̀ á ya. Ẹ̀rọ tó ń fi rọ́là gbé e ni kẹ́ ẹ lò. Ihà (ojú ibi tí nǹkan ti ha fíìmù) tó wà ní ẹ̀yìn ike nìkan, scan inú omi ń bò ó, nítorí omi náà ń tẹ ìmọ́lẹ̀ bí ike ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ihà tó bá ti wọ inú àwọ̀ lọ, omi kò ràn án.

Rọ́bàGbígbẹ

Fíìmù ṣì lẹ́mìí. Rọ́bà ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Tohl Narita ló ya ìrísí Ultraman, Akira Sasaki ló mọ ojú rẹ̀, Ryosaku Takayama ló ṣe púpọ̀ nínú àwọn ẹranko abàmì, Bin Furuya ló wọ aṣọ náà. Ìbòjú mẹ́ta ló wà: A (apá 1 sí 13), B (14 sí 29), C (30 sí 39). Ẹ wo ẹnu A dáadáa, ẹ ó rí i pé ó hunjọ. Látẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi bò ó lójú torí wọ́n fẹ́ kí ẹnu náà máa ṣí. Èrò yẹn kò yọrí sí rere, wọ́n sì ṣe B àti C ní fíbà gíláàsì. Fíbà gíláàsì máa ń pọ́n díẹ̀, ó sì lè ya, àmọ́ ó ń pẹ́. Látẹ́ẹ̀sì kì í pẹ́.

Ohun tó ń pa látẹ́ẹ̀sì ni ọ́síjìn, oòrùn, ooru àti bàbà. Á kọ́kọ́ máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, lẹ́yìn náà á gan, á wá máa sán bí ilẹ̀ ọ̀dá. Fóòmù polyurethane tí wọ́n fi ń kún inú ẹranko tún burú jù ú lọ: ọ̀rinrin ń tú u látinú, ìta á ṣì dúró dáadáa, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ báyìí, á di ìyẹ̀fun. Kò sí oògùn tó ń dá èyíkéyìí nínú méjèèjì padà. Dídá a dúró nìkan ló wà.

Ọwọ́ tó bá máa kàn án, ibọ̀wọ́ nitrile ni kó wọ̀, torí òróró ara ń jẹ rọ́bà. Ẹ má ká a, ẹ má fi hánga kọ́ ọ. Ìwúwo ara rẹ̀ á fa èjìká rẹ̀ ya. Fóòmù polyethylene ni kẹ́ ẹ gbẹ́ bí ara ènìyàn, kó kéré díẹ̀ ju inú aṣọ lọ, kẹ́ ẹ fi òwú polyester yí i ká, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ òwú tí a ti fọ kẹ́míkà rẹ̀ kúrò wọ̀ ọ́. Ìgbà náà ni kẹ́ ẹ tó wọ rọ́bà lé e lórí, láti ẹsẹ̀, ènìyàn méjì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Yàrá náà kò gbọdọ̀ ju 18°C lọ, ọ̀rinrin 45 sí 50%. Tó bá wà níta fún ìwòran, iná kò gbọdọ̀ ju 50 lux. Àpò PVC, èèwọ̀. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké bí ìwo àti ọwọ́, ẹ lè fi wọ́n sínú àpò tí ọ́síjìn kì í là kọjá, pẹ̀lú ohun tó ń gba ọ́síjìn inú rẹ̀ àti bọ́tìnnì kékeré tó ń yí àwọ̀ tí àpò bá jò.

Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú ìbòjú àti nínú iná àyà, iná kékeré tó wà láyà Ultraman. Ohun tó ń jò nínú bátìrì ti ba nǹkan jẹ́ ju ìjà Ultraman lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kíkun ún ní ọ̀dà tuntun. Àwọ̀ sílífà náà ti ṣá, ojú ń ro ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ohun olóòórùn líle tó wà nínú ọ̀dà á mú rọ́bà wú. Tó bá gbẹ, rọ́bà á sún kì padà, ọ̀dà tuntun á sán, á sì fa ti 1966 ṣí lẹ́yìn ara rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe ṣá.

Ìdí tí aṣọ ojúlówó fi ṣọ̀wọ́n ni pé wọ́n lò ó tán. Aṣọ ẹranko Baragon tí ilé-iṣẹ́ fíìmù Toho ṣe fún fíìmù kan ní 1965 di Pagos nínú Ultra Q, ó wá di Neronga ní apá 3 Ultraman, ó di Magular ní apá 8, ó di Gabora ní apá 9. Aṣọ Godzilla tí wọ́n yá lọ́wọ́ Toho di Jirahs ní apá 10. Abẹ̀bẹ̀ ńlá tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni wọ́n fi bo ojú oríkèé. Baltan, àjèjì inú apá 2 fúnra rẹ̀, inú aṣọ Cicada Man ti Ultra Q ló ti jáde. Wọ́n jẹ àjẹìwẹ̀yìn, àmọ́ owó tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Àgbà_Òpìdán

Ẹ ò rí i pé ó jọ ẹ̀kú egúngún? Aṣọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń lẹ nǹkan mọ́ lọ́dọọdún.

Rọ́bàGbígbẹ

Ó jọ ọ́ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ òdìkejì rẹ̀ ni. Ẹ̀kú, fífi kún un là ń fi kún un: ó ń wúwo sí i, aṣọ ti baba ṣì wà nísàlẹ̀ ti ọmọ. Baragon, gígé ni wọ́n ń gé e. Wọ́n yọ ìwo, wọ́n yọ etí, wọ́n lẹ tuntun mọ́ ọn. Ẹ tú Gabora wò, ẹ ò lè bá Neronga níbẹ̀. Fọ́tò ibi iṣẹ́ nìkan ló lè sọ bí Neronga ṣe rí ní ẹ̀yìn. Nítorí náà, fọ́tò dúdú-àti-funfun kan tí wọ́n yà nínú ṣọ́ọ̀bù Takayama níye lórí ju ẹ̀dà aṣọ tuntun mẹ́wàá lọ, lójú tèmi.

Igun360

Kí rọ́bà tó lọ tán, ẹ gba ìrísí rẹ̀ sílẹ̀. Photogrammetry ni mò ń sọ, ìyẹn fífi ọ̀pọ̀ fọ́tò kọ́ ìrísí nǹkan sínú kọ̀ǹpútà.

Fún ìbòjú kan, fọ́tò 150 sí 250, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan bo èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní nǹkan bí 70%. Ẹ yí i ká ní ipele mẹ́ta: láti ìsàlẹ̀, ní ọ̀gangan ojú, láti òkè. Lẹ́ńsì kan tí kì í fà síwá-sẹ́yìn, f/8 tàbí f/11, ISO 100, RAW. Ọ̀pá ìwọ̀n méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti káàdì àwọ̀ nínú fọ́tò àkọ́kọ́. Nǹkan náà kò gbọdọ̀ yí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yí, àyàfi tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá dúdú pátápátá.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ lórí Ultraman ni pé ó ń dán. Ìdán ń rìn bí kámẹ́rà ṣe ń rìn, sọ́fítíwíà á sì rò pé ara ìrísí ni, imú á wá wọ́ tàbí kí orí lu. Àwọn kan á fọ́n ìyẹ̀fun funfun sí i. Lórí ẹ̀dà tuntun, kò burú. Lórí ti 1966, a kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Ohun tó yẹ ni kẹ́ ẹ fi ike polarizing bo iná méjèèjì ní ìhà kan náà, kẹ́ ẹ fi fílítà polarizing sí lẹ́ńsì, kẹ́ ẹ máa yí i títí ìdán á fi kú, ìyẹn ní 90°. Lẹ́yìn náà ẹ yọ gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ tún ya fọ́tò ogún mìíràn tí ìdán wà nínú wọn. Ara iṣẹ́ Narita ni ìdán yẹn, ìrísí nìkan kò sọ ọ́.

OlùṣọÀká

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ jẹ́ n fi ibi tí àwọn nǹkan wà kún un, torí ẹlòmíì rò pé kò sí ẹni tó ń ṣe é.

Sukagawa ní Fukushima ni wọ́n bí Eiji Tsuburaya sí ní 1901; ó kú ní oṣù Kìíní 1970. Ní 2012, olùdarí fíìmù Hideaki Anno darí ìpàtẹ ńlá ti ohun èlò tokusatsu ní Museum of Contemporary Art ní Tokyo. Àárín ìpàtẹ yẹn ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ti là pé ilé kékeré àti ọkọ̀ àfiṣe tó kù kò pọ̀. Ní 2017 wọ́n dá ẹgbẹ́ ATAC sílẹ̀ fún ìtọ́jú ohun èlò anime àti tokusatsu, Anno sì ni alága. Oṣù Kọkànlá 2020 ni Tokusatsu Archive Center ṣí ní Sukagawa. Àwòrán tí Narita fọwọ́ ara rẹ̀ yà, ẹ lọ wá a ní Aomori Museum of Art.

Fọ́ọ̀mù ohun kọ̀ọ̀kan ló ń dà mí láàmú. Nọ́ńbà rẹ̀, apá tó ti jáde, ẹni tó ṣe é, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ìwọ̀n, ìpò tó wà, àyè rẹ̀ lórí pẹpẹ: àwọn yẹn máa ń wà. Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé ni àyè fún "ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀". Láìsí àyè yẹn, Neronga àti Gabora á di ohun méjì tí wọ́n ń wá kiri, nígbà tó jẹ́ pé rọ́bà kan ṣoṣo ni. Ẹ sì kọ orúkọ ní katakana, lẹ́tà Jàpáánì, pẹ̀lú lẹ́tà tiwa. Jirahs, Jirass àti Jiras tí ẹ ń rí káàkiri, ẹranko kan náà ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀.

Ẹ̀rí ìwé tún ṣe pàtàkì fún ẹ̀tọ́. Ẹ rántí ẹjọ́ Tsuburaya àti Sompote Saengduenchai ti ilé-iṣẹ́ Chaiyo ní Táílándì. Ìwé kan tí wọ́n ní wọ́n fọwọ́ sí ní 1976 ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, Sompote sì ní òun fi gba ẹ̀tọ́ Ultraman lẹ́yìn òde Jàpáánì. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kò pé, àkọlé àti iye apá kò bára mu. Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ Jàpáánì gbà á wọlé ní 2004. Ní 2017 ìgbìmọ̀ ẹlẹ́rìí-adájọ́ ní California sọ pé kì í ṣe ojúlówó, ìdájọ́ jáde ní 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2019. Ẹ wo ọdún tí Mill Creek tà á, ẹ ó lóye. Ó lé ní ogún ọdún tí àríyànjiyàn lórí bébà kan fi dí ọ̀nà fún eré yìí nílẹ̀ òkèèrè.

ọmọM78

Apá 12 ti Ultraseven, eré Ultra tó tẹ̀lé e, ńkọ́? Ṣé kò ti sọnù ni?

OlùṣọÀká

Kò sọnù. Wọ́n fà á sẹ́yìn ní 1970 lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn kan pe àjèjì inú rẹ̀ ní orúkọ tó kan àwọn tí bọ́ǹbù átọ́míìkì ṣe ní jàǹbá, tí ó sì dun àwọn ènìyàn náà gan-an. Ìtọ́jú yàtọ̀ sí àfihàn. Àpò negative rẹ̀ nílò òtútù kan náà pẹ̀lú ti apá 11 àti 13, bí a kò tiẹ̀ ní fi í han ẹnikẹ́ni.

Àgbà_Òpìdán

Kí n dé orí wáyà tí Baltan_Èkó béèrè. Tèmi ni pé kí wọ́n pa á rẹ́. Ẹ gbọ́ ìdí: àwọn tó ṣe é ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kun wáyà ní àwọ̀ ojú ọ̀run ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń yan iná tí kò ní jẹ́ kó tàn, wọ́n sì mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n 1966 kò ní fi í hàn. Kò sí ọmọ kankan ní Jàpáánì tó rí wáyà yẹn lọ́jọ́ Sunday. Scan 4K ń fi ohun tí wọn kò pète hàn wá, ẹ wá ń pè é ní òtítọ́.

Sikánà

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn wáyà kò sí àwòrán kankan. Ohun tí ẹ bá fi dí i, ẹnì kan ló dá a lójú ara rẹ̀ ní ọdún tiwa. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀run lásán, ó rọrùn. Tí ọkọ̀ bá ń kọjá níwájú èéfín ńkọ́? Èéfín àfọwọ́yà ni yóò wà níbẹ̀.

Àgbà_Òpìdán

Blu-ray fúnra rẹ̀ kì í ṣe 1966.

Sikánà

Òótọ́ ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì. Ẹ̀dà ìpamọ́: scan bó ṣe jáde, wáyà, ihà, eruku, gbogbo rẹ̀, fíìmù odindi láti ihò dé ihò, láìgé etí rẹ̀. Ẹ̀dà ìwòran: kí ẹni tó bá fẹ́ pa wáyà rẹ́, àmọ́ kó bá a lọ pẹ̀lú fáìlì tó kọ gbogbo férémù tí wọ́n fọwọ́ kàn, láti nọ́ńbà yìí dé nọ́ńbà yẹn, ohun tí wọ́n ṣe, irinṣẹ́ tí wọ́n lò. Fáìlì ìwé lásán ni, kò ju kílóbáìtì díẹ̀ lọ. Ohun tí n kò ní gbà láéláé ni kí wọ́n gé òkè àti ìsàlẹ̀ kó lè kún tẹlifíṣọ̀n gbọọrọ. 4:3 ni wọ́n yà á. Ultraman tó ga mítà 40 tí ẹ gé lórí, kí ló kù?

Àgbà_Òpìdán

Lórí gígé, ọwọ́ wa dọ́gba.

Àmọ́ gbogbo yín ń tọ́jú ohun tó wà nínú agolo, ẹ gbàgbé ohun tó wà lọ́wọ́. Ìwọ̀n ìyára kámẹ́rà, fún àpẹẹrẹ. Mítà 40 ni Ultraman, ẹni tó wà nínú aṣọ kò ju mítà 1.8 lọ, ìlú náà á wá tó ìdá kan nínú 22 tàbí 25. Kí nǹkan kékeré tó lè ṣubú bí nǹkan ńlá, ẹ gba gbòǹgbò ìlọ́po-méjì ìwọ̀n náà: gbòǹgbò 25 jẹ́ 5, férémù 24 lọ́nà márùn-ún sì jẹ́ 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Lórí ìwé nìyẹn. Fíìmù ìṣẹ́jú kan á wá jẹ́ ti ìṣẹ́jú márùn-ún, iná tí ẹ nílò á lọ́po márùn-ún, ooru á sì máa sè ẹni tó wà nínú rọ́bà. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kì í lè tẹ̀lé gbogbo ìṣirò náà, ojú olùdarí ló ń pinnu.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé tó ń wó. Símẹ́ǹtì kọ́ ni, pílásítà tí wọ́n dà pẹlẹbẹ tínrín ni, tí wọ́n fi ọ̀bẹ fa ìlà sí lẹ́yìn níbi tí wọ́n fẹ́ kó ti ya. Tó bá nípọn jù, òṣèré á gbá a, kò ní wó, wọ́n á tún ilé náà kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá tínrín jù, yíya ni yóò máa ya kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀. Ìrísí ilé wà lórí fọ́tò. Bí pílásítà ṣe nípọn tó kò sí níbẹ̀. Ẹ ya fídíò ọwọ́ àwọn àgbà tó kù bí wọ́n ṣe ń dà á, kámẹ́rà kan lórí ọwọ́, òmíràn lórí ojú tábìlì láti òkè, kẹ́ ẹ sì fi òṣùwọ̀n wọn omi àti ìyẹ̀fun kí wọ́n tó pò ó. "Ó tó báyìí" tí àgbà ń sọ kì í ṣe gíráàmù.

Igun360

Àfikún kékeré: Narita kò fi iná àyà sínú àwòrán rẹ̀ rárá, kò sì fẹ́ràn rẹ̀ títí ó fi kú ní 2002. Fíìmù Shin Ultraman ti 2022 yọ ọ́ kúrò. Èyí náà jẹ́ ìtọ́jú ogún, àmọ́ ti àwòrán orí ìwé ni, kì í ṣe ti eré tó jáde. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan tún èkejì ṣe.

ọmọM78

Ẹ jọ̀ọ́, àwa tí a kò ní negative ńkọ́? Fídíò VHS tí wọ́n gbà láti orí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀dà èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Peter Fernandez ṣe fún United Artists. Ṣé ó wúlò?

Sikánà

Ó wúlò fún ohùn náà, àti fún bí wọ́n ṣe gé e fún ìpolówó. Àwòrán rẹ̀ kò lè bá scan du ipò.

Kọ́kọ́ ṣí ìdérí káṣẹ́ẹ̀tì, kó o tan iná sí i. Tí funfun bí ìyẹ̀fun bá wà létí tépù, èbu ni. Má fi sínú ẹ̀rọ, á ran orí ẹ̀rọ àti gbogbo káṣẹ́ẹ̀tì tó bá tẹ̀lé e. Tó bá mọ́, sá a síwájú dé òpin, kó o dá a padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ S-VHS tó ní TBC (ohun tó ń mú àwòrán dúró ṣinṣin), wáyà S-Video, má lo wáyà ìyeyè kan ṣoṣo yẹn. Gbà á ní FFV1 (ọ̀nà fífún fídíò pọ̀ tí kì í sọ nǹkan kan nù), 4:2:2, ohùn PCM 48 kHz. Wákàtí kan á gba 30 sí 40 GB. Má fún un pọ̀ sí MP4 lójú ẹsẹ̀. MP4 ni kó o ṣe lẹ́yìn, fún wíwò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ti NTSC (ètò tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà àti Jàpáánì), fíìmù férémù 24 ni wọ́n tú sí férémù 29.97 nípa títún àwọn ìlà kan ṣe. Tó o bá kàn lo deinterlace (pípo àwọn ìlà férémù pọ̀), o ti yọ́ férémù ojúlówó mọ́ ti èké. IVTC ni kó o ṣe, á dá 24 padà bó ṣe wà. Tó bá sì jẹ́ láti ìlú tó ń lo PAL, bíi tiwa, wọ́n sá fíìmù náà ní 25 ni: ìṣẹ́jú 25 á di 24, ohùn á ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí IVTC níbẹ̀. Dín ìyára kù sí 96% fún àwòrán àti ohùn pọ̀. Fi fáìlì àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Rọ́bàGbígbẹ

Tó o bá ní ohùn lórí tépù onírọ́ọ̀lù, gbé e sí iwájú iná kó o wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Tí ìmọ́lẹ̀ bá là á kọjá, acetate ni. Àwọn kan ń yan tépù tó ń lẹ̀ ní 54°C fún wákàtí mẹ́jọ kó lè ṣeé gbọ́; polyester nìkan ni ìyẹn wà fún. Acetate tó bá wọ ààrò, ó parí.

Baltan_Èkó

Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: kí la fi ń kọ nọ́ńbà sára agolo fíìmù? Bírò ń parẹ́ nínú òtútù.

OlùṣọÀká

Má kọ ohunkóhun sára agolo nìkan, torí agolo àti ìdérí máa ń pààrọ̀ ara wọn. Pẹ́ńsùlù lórí bébà aláìlásíìdì, kó wà lóde agolo nínú àpò polyester. Kó o tún fi íǹkì dúdú tí omi kì í ṣí kọ nọ́ńbà kan náà sí ibi funfun níbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ẹ̀gbẹ́ tó ń dán, kó ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà-báǹdì àti sélótéèpù, gbé wọn kúrò nínú yàrá náà.